Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ìka Ìyá Mi

Bí ènìyàn bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń sọ pé mò ń gbọ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Òótọ́ ni mo kúkú ń sọ. Láàbù kan ní Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń yọ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń bá wa lé àìsàn jáde nínú ara, a ó dà wọ́n sínú àwo oníhò kéékèèké, a ó wá tọ́ wọn níjà. Bí inú bá ti bí wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ síra wọn pé ogun dé, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa bọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn yẹn là ń wọ̀n. Lẹ́yìn náà la ó bu oògùn tó ń pa wíwú sí i, tàbí omi egbòogi kan, ká wò ó bóyá ẹnu wọn á rọlẹ̀. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe, n ò níí purọ́.

Ẹ wá gbọ́ ìtìjú. Èmi tí mo mọ gbogbo èyí, ìka ìyá mi wú lójú mi fún oṣù mẹ́rin gbáko, mo ní àṣejù iṣẹ́ ni.

Onídìrí ni ìyá mi. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ojú kan náà ní Mushin ni wọ́n sì ti ń dirun láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n mí: ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, àga onípákó mẹ́ta, dígí kan tó ti là lápá kan. Bí wọ́n bá di ṣùkú fún ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi dúró bí ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga. Obìnrin tó ti kó lọ sí Ìkòròdú pàápàá ń padà wá. Ìyá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ wo orí tí wọ́n ń dì. Wọ́n á máa dá sí ìjà tí kò kàn wọ́n lójú títì, ìka á máa bá tirẹ̀ lọ. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti sọ fún mi pé ọjọ́ tí ìka àwọn bá dákẹ́, kí n mọ̀ pé àwọn náà ti dákẹ́ nìyẹn.

Àárọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jí láti kírun àsùbáà, ìka á ti le gbandi, wọn ò ní lè ká a mú kẹ́tùlù àlùwàlá. Tí oòrùn bá ti yọ dáadáa, á dẹ̀ díẹ̀. Ìyá mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn sọ fún àwọn oníbàárà wọn pé aago mọ́kànlá làwọn ń ṣí báyìí, pé ọjọ́ orí ti ń dé. Èmi rí wíwú náà, mo ra ìpara gbígbóná fún wọn, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ. Ọjọ́ ìsinmi kan ni wọ́n wá kí mi nílé mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, mo gbé ìgò ẹ̀pà síwájú wọn. Wọ́n di ọmọrí ìgò náà mú, wọ́n yí i, kò yí, wọ́n tún yí i. Wọ́n wá rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n ní ebi ò pa àwọn. Ìyá mi kì í kọ ẹ̀pà. Ìgbà yẹn ni mo tó fa ọwọ́ wọn wò. Ọwọ́ ọ̀tún wú, tòsì wú, oríkèé kan náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó pọ́n, ó sì gbóná. Mo mú wọn lọ sí ọsibítù.

Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ wọ́n wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní làkúrègbé ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọjọ́ ogbó ń mú wá. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ara wọn ló yíjú padà, tí wọ́n ń bá oríkèé jà. Kó tó sọ ọ́ tán ni mo ti mọ ibi tó ń lọ, ojú sì tì mí. Ó fún wọn ní oògùn méjì. Ọ̀kan kéré, ó funfun, ojoojúmọ́ ni, sìtẹ́rọ́ìdì ni. Á tètè pa wíwú náà, díẹ̀díẹ̀ la ó sì máa dín in kù. Ìkejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í yára, àmọ́ òun la fẹ́ gbára lé tó bá yá. Dókítà náà tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé a ò gbọdọ̀ dá èyí tó kéré yẹn dúró lójijì. Ìyá mi ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí fóònù mi dún lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi ni, wọ́n pè mí sórí fídíò. Wọn ò kí mi. Ọwọ́ wọn nìkan ni mo rí: wọ́n dì í, wọ́n ṣí i, wọ́n dì í, wọ́n ṣí i. Mo bú sẹ́kún láàárín láàbù, ọ̀gá mi rò pé ẹnì kan kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú o, ìka ìyá mi ló jí. Ọjọ́ náà dùn, n ò lè sọ bó ṣe dùn tó. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ṣí láago mẹ́jọ, wọ́n sì ń pariwo lé èmi náà lórí pé mo jẹ́ kí irun orí mi dìdàkudà lábẹ́ wíìgì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yíwọ́ nìyí. Ìyá mi kì í dá oore jẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan àbọ̀, wọ́n dín àkàrà, wọ́n dín mọ́sà, wọ́n gbé e lọ sí àsàlátù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣe sàráà ìdúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ìka àwọn padà. Ìyẹn dára. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé nínú ọ̀rá mọ́sà tí wọ́n fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn márùn-ún tí orúnkún ń dùn, wọ́n ti pọ́n oògùn wọn sínú bébà, wọ́n fi í sí i. Gbogbo èyí tó kù nínú oògùn kékeré funfun náà ni wọ́n pín. Lójú tiwọn, ara àwọn ti yá, kí ni ẹni tí ara rẹ̀ yá ń fi oògùn ṣe? Ẹni tí Ọlọ́run bá sì wò sàn, ó yẹ kó jẹ́ kó kan ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹrin ni mo débẹ̀. Orí ẹní ni mo bá wọn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń bì, ìka ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe gbé wọn dé ọsibítù, n ò mọ̀. Dókítà náà dá oògùn padà fún wọn, ó sì bá àwa méjèèjì wí. Ó ní ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe irú oògùn náà díẹ̀, àmọ́ ó ti fara ti èyí tí wọ́n ń gbé mì, kò ṣe tirẹ̀ tó mọ́; tí wọ́n bá yọ ọ́ lójijì, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fa àga nídìí ẹni tó fẹ́ jókòó. Nígbà tí ojú ìyá mi wálẹ̀ ni wọ́n tó jẹ́wọ́ sàráà. Orí mi gbóná. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ èyí tó yẹ, mo sọ èyí tí kò yẹ, àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kù ń bẹ̀ mí pé ó tó.

Mo gba kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Àlhájà àkọ́kọ́ ti gbé tiwọn mì lọ́jọ́ sàráà gan-an. Wọ́n ní àwọn ò sun irú oorun bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí àwọn ti bí àbígbẹ̀yìn, wọ́n wá bi mí bóyá ó ṣẹ́kù. Ìkejì ti pín tiwọn fún ọkọ àti ayálégbé. Ìkẹta ti rẹ ẹ́ sínú àgbo, kí àgbo náà lè lágbára. Ìkẹrin ní àtọ̀gbẹ. Tiwọn ló léwu jù, torí oògùn yẹn máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọlọ́run ló yọ wá, wọn ò tíì fẹnu kàn án. Ìkarùn-ún ló dàgbà jù nínú wọn. Wọ́n gbọ́ gbogbo àlàyé mi látòkèdélẹ̀, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń gba sàráà padà ni?"

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó jalè. Wọ́n ṣàdúà fún mi, wọ́n wá yọ oògùn náà lábẹ́ ìrọ̀rí fún mi. Mo ti kúrò níbẹ̀ tán kí ẹ̀rín tó pa mí.

Àmọ́ ìbínú mi ò tíì tán. Ẹni bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìbínú mi kì í tètè lọ sùn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, mo palẹ̀ ìlarun àti òwú mọ́, mo tìlẹ̀kùn. Mo sọ fún àwọn oníbàárà pé ìyá mi ti fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, èmi ni mo rán ara mi. Mo kó ìyá mi wá sí ọ̀dọ̀ mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, mo ní kí wọ́n wá sinmi.

Oògùn ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù méjì, wíwú náà lọ, ìka tún tọ́, èyí tó wà fún ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà ti ń ṣe tirẹ̀. Èmi sì ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Bí wọ́n bá gbé korobá, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bó ọsàn, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ń fi ata ilẹ̀ pupa sí gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ, torí pé nínú àwo wa ní láàbù, ó máa ń pa àwọn ọmọ ogun yẹn lẹ́nu mọ́ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé èyí tí ènìyàn bá jẹ, díẹ̀ bíńtín níí dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìyá mi ń jẹ ẹ́, wọn ò ráhùn. Ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n á jókòó síwájú ilé látàárọ̀, ọwọ́ lórí itan. Wọn kì í bú mi mọ́. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ní oògùn ló ń rẹ̀ wọ́n.

Sátidé kan, mo ní iṣẹ́ tó gbọdọ̀ parí lọ́jọ́ náà, n ò sì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ nílé kí wọ́n má baà lọ fọṣọ. Mo mú wọn dání lọ sí Yábàá. Mo wọ kóòtù funfun fún wọn, ó gùn dé kókósẹ̀, wọ́n wo ara wọn nínú gíláàsì fèrèsé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo fún wọn ní àga, mo gbé àwo oníhò náà síwájú wọn. Omi tó kẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí i, àwọ̀ sì ti ń yí lójú wọn, láti búlúù sí yẹ́lò.

Mo ní kí wọ́n wo ìlà àkọ́kọ́. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí pupa ẹyin. Mo ní ibẹ̀ la ti tọ́ àwọn ọmọ ogun níjà tí a ò fún wọn lóògùn. Bí yẹ́lò náà bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ tí wọ́n rán síra wọn ṣe pọ̀ tó. Mo ní kí wọ́n wo ìlà kejì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, omi lásán ni. Mo ní irú oògùn tí wọ́n ń lò ló wà níbẹ̀. Ó wọ inú àwọn ọmọ ogun náà lọ títí dé yàrá tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán, ó fọwọ́ bo ìwé náà. Kò pa wọ́n o. Wọ́n wà láàyè, wọ́n kàn ń dákẹ́ ni. Tí a bá fọ oògùn náà kúrò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Tí a bá sì fún ẹni tí kò yẹ, tí olè gidi bá dé, kò ní sẹ́ni tó máa tètè pariwo. Mo ní ìdí tí mo fi bínú nítorí sàráà nìyẹn.

Ìyá mi wá rán mi létí bàbá onílé tó wà ládùúgbò wa láyé ọjọ́un, tó ti ìrìnàjò dé ní ìdájí, tí kò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó wá ń fo ògiri ilé ara rẹ̀ wọlé. Ẹnì kan kígbe olè, gbogbo òpópónà tú jáde, tọmọ odó tọmọ odó. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ fi orógùn là á. Ìgbà tí eyín méjì fi máa bọ́ ni wọ́n tó dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ìyá mi ní ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìka àwọn nìyẹn. Ẹnu yà mí. Ọdún mélòó ni mo ti ń wá bí n ó ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ènìyàn, n ò rí i sọ báyìí rí. Mo ní ohun náà gan-an ni, Màmá.

Wọ́n tún wo ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń lù mí yìí, ṣé wọ́n kórìíra mi ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń jà fún. Wọ́n rò pé àwọn ń gbà yín sílẹ̀ ni."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n fi etí kóòtù náà nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Wọ́n fìwà jọ ẹ́. Tinú ti gboògùn, ó ti dákẹ́. Tìta ló kù."

Mo yanu láti fèsì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ní èsì: mo fẹ́ sọ ti oúnjẹ tí mo ń sè, ti ọsibítù tí mo ń sáré lọ, ti irú ọmọ tí wọ́n ní. Ni mo bá rí ọwọ́ wọn lórí itan, ìka mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ tọ́ rọ́rọ́, wọn ò di nǹkan kan mú. Oògùn ti gba ìka náà sílẹ̀, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo pe dókítà náà lórí fóònù, mo bèèrè bóyá ìyá mi lè fọwọ́ kan irun. Ó ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó ní ta ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án? Ó ní tí ó bá wú, kí wọ́n sinmi. Tí kò bá wú, kí ìka máa ṣiṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, òun sì ti rò pé wọ́n ti ń dirun láti ọjọ́ yìí. Mo ní mo gbọ́. Mo fọ àwo, mo bọ́ kóòtù, a ò tilẹ̀ jẹun ọ̀sán, Mushin yá.

A ò tíì ṣí ilẹ̀kùn tán tí obìnrin tó ń ta òwú lódìkejì fi sá wá dì mọ́ ìyá mi. Kó tó tó wákàtí kan, oníbàárà mẹ́rin ti dúró síta, wọ́n ń jiyàn ta ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀kan yọ gèlè, ó ní kí ìyá mi wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti fi orí òun ṣe fún oṣù méjì, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní kí wọ́n ṣe sùúrù, orí kan wà tó ṣíwájú tiwọn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ṣí wíìgì mi lójú gbogbo ayé, wọ́n gbé e fún ẹnì kan, wọ́n tì mí mọ́lẹ̀ sáàárín orúnkún wọn.

Ìka wọn ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ya irun, wọ́n tún un yà. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ irun kẹta, wọ́n dúró, wọ́n na ìka wọn, wọ́n rọra dì í, wọ́n ṣí i. Ara mi ò gbà á. Mo ti ń dìde, mo ti ń sọ pé ó tó, kí ẹ sinmi, kí ẹ fi èyí tó kù dọ̀la. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ orí mi padà. Ọwọ́ náà kò gbóná mọ́.

Wọ́n ní, "Má jà fún mi mọ́. Jókòó tì mí."

Mo tẹ orí ba, mo jókòó.